Kúpé Peugeot 504 tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tọ́bò sí: ṣé kí n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

ỌmọDẹ́rẹ́bà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní gúúsù London. Ọmọ awakọ̀ sì ni mí: bàbá mi fi 504 station wagon kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kaduna fún ọdún mọ́kànlá. Èrò méje nínú ọkọ̀, ewúrẹ́ méjì lórí, kò sì sí ìgbà tí kò dé. Òun ni wọ́n fi sanwó iléèwé èmi àti àwọn àbúrò mi. Torí náà, tí mo bá rí 504 níbikíbi, mi ò lè kọjá láì dúró wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Kent láti lọ wo ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fẹ́ rà. Inú ṣẹ́ẹ̀dì ọkùnrin tó ń tà á ni mo ti rí nǹkan kan lábẹ́ tapólì: ilẹ̀kùn méjì, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé àyà mi ló mọ, imú rẹ̀ gùn. Mo ní, irú Ferrari wo lèyí? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wo ẹ̀yìn. Mo débẹ̀, 504 ni mo bá lára bọ́ọ̀tù. Ẹ̀rín pa mí.

Kúpé 504 ni, 504 onílẹ̀kùn méjì. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: Pininfarina ní Turin, Ítálì, ló ya á, àwọn náà ló ń kọ́ ara rẹ̀, wọ́n á wá gbé e lọ sí Sochaux ní ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lọ fi ẹ́ńjìnnì sí i. Geneva ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé lọ́dún 1969, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1983. Nínú 504 tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ tí wọ́n ṣe, kúpé yìí kò ju nǹkan bí 23,000 lọ. Apá òsì ni ṣítíárìn gbogbo wọn wà nígbà tí wọ́n jáde ní iléeṣẹ́.

Èyí tí mo rí, ti 1976 ni. V6, ẹ́ńjìnnì oní síléńdà mẹ́fà, 2664cc, ló bá wá sáyé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ Faransé tó ni ín tẹ́lẹ̀ fojú rẹ̀ rí. Ní 1987, ó yọ V6 kúrò, ó fi ẹ́ńjìnnì Peugeot 505 Turbo sí i, síléńdà mẹ́rin, 2155cc, pẹ̀lú tọ́bò tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó lẹ fẹ́ńdà fáíbà mọ́ ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ríìmù tó fẹ̀ lè wọlé. Ó gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀. Ó yọ bọ́m̀pà tó ń dán bíi jígí. Ó kun ún ní àwọ̀ ọsàn. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àwọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, búlúù tó ṣú. V6 náà ṣì wà, inú àpótí pákó ló wà, àmọ́ kò sí kabúrétọ̀ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: tí mo bá rà á, ṣé kí n dá a padà sí bí Turin àti Sochaux ṣe ṣe é ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjà ni wọ́n ń jà. Ẹnì kan á ní ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ Pininfarina, ẹ̀wọ̀n ló yẹ ẹ́; ẹlòmíì á ní ọkọ̀ ẹ ni, bó bá ṣe wù ẹ́ ni kó o ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí èyí tí wọ́n tún ṣe, ní ìlú yòówù kó jẹ́, ẹ wí fún mi.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe 504. Ibo ni èrò máa jókòó sí?"

---

ArúgbóAgodi

Ọmọ dẹ́rẹ́bà, o kú iṣẹ́. Bá mi kí bàbá rẹ gidigidi. Ẹni tó bá fi station wagon ná Kaduna fún ọdún mọ́kànlá, eruku Jẹ́bbà tó ti gbé mì tó kọ́lé.

Mo ti ń tú 504 ní Ìbàdàn láti 1979. Tó bá jẹ́ ti kúpé, ẹyọ kan ṣoṣo ló dé ọwọ́ mi rí. Kọngilá kan ló ni ín, ó gbé e wọlé láti òkè òkun ní nǹkan bí 1984. Kì í ṣe V6. Síléńdà mẹ́rin ni, 1971cc, bíi ti èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna nígbà yẹn, àfi pé kò ní kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù ínjẹ́kísọ̀n Kugelfischer ló wà lára rẹ̀, ó rí bíi pọ́ǹpù ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ náà ń mu epo bíi pé ẹnì kan ń dà á nù, tó bá sì dúró níbi tráfíìkì, ó kú nìyẹn. Mo pe rèwáyà, mo pe oníṣẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa yí i ká bíi dókítà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo lọ sí Gate, mo ra hẹ́ẹ̀dì 504 Kaduna àti kabúrétọ̀ Solex rẹ̀, mo dè é mọ́ ọn. Ó jí. Ọ̀gá náà wà á fún ọdún mẹ́fà, kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé o rí i, àwa náà ti tún kúpé Pininfarina ṣe níbí. A ò kàn ya fọ́tò ni.

Ohun tó ń dùn mí dòní ni pọ́ǹpù yẹn. Mo gbé òun àti hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kó wọn tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù; owó tó gbà kò tó àmàlà ẹni mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ ta ọkọ̀, òyìnbó kan tó ń ṣe ojú títì wá wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pọ́ǹpù. A ò rí pọ́ǹpù mú jáde. Ó kí wa, ó lọ.

Torí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ju èyí tó yọ nù ni mo máa bá jà. Ọmọ Faransé tìrẹ kó V6 sínú àpótí, ó gbìyànjú. Àwọn kabúrétọ̀ wá dà? Méjì ni, Solex ni méjèèjì, ọ̀kan olójú kan, ìkejì olójú méjì. Bèèrè wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó o tó dárúkọ owó. Ṣí bo orí V6 náà, kó o wo kámúṣáàfùtì rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ́ńjìnnì yẹn, tí wọn kì í bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, òkè ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jẹ.

Nǹkan abẹ́ rẹ̀, bíi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ti sàlúùnù ló wọ̀ ọ́, mo lè rí wọn níbí fún ẹ. Ara rẹ̀ ni wàhálà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni o, ilẹ̀kùn ni o, fẹ́ńdà ni o, kò sí èyí tó bá ti Kaduna mu. Wọ́n tún gé ààrin táyà iwájú sí tẹ̀yìn kúrú: 2.74 mítà ni ti sàlúùnù, 2.55 ni ti kúpé. Tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé páìpù tó bo ṣáàfùtì láti gíà dé dífù ti sàlúùnù máa wọ̀ ọ́, irọ́ ló pa. Wo ibẹ̀ dáadáa, torí gíà tọ́bò kọ́ ló bá ọkọ̀ yẹn wá sáyé. Ẹnì kan ti gé nǹkan, ó ti jó o pọ̀. Mọ ẹni tó jó o.

Mú òòfà dání tó o bá ń padà lọ. Gbé e sára irin abẹ́ ilẹ̀kùn, gbé e sí ìdí gíláàsì iwájú, kó o fi yí etí fẹ́ńdà ká. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Abẹ́ fáíbà yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù. Kí ríìmù yẹn tó wọlé, wọ́n ti gé fẹ́ńdà gidi.

---

ÈjìgbòTreichville

Ẹ̀gbọ́n Arúgbó ti sọ ti ẹ́ńjìnnì. Èmi fẹ́ sọ èyí tí mo fojú ara mi rí.

Ọmọ Èjìgbò ni mí, Abidjan ni wọ́n bí mi sí, ní Treichville, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1978 nígbà tí bàbá mi, tó ń ta pátì ọkọ̀, gbé mi lọ sẹ́bàá ọ̀nà láti wo ìje ọkọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bandama. Kúpé 504 V6 ló gbé ipò kìíní lọ́dún yẹn, Jean-Pierre Nicolas ló wà á. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti kúpé ti kọ́kọ́ gba ìje Safari ní Kenya. Ṣáájú wọn, ní 1976, Timo Mäkinen ọmọ Finland ti fi kúpé gba Bandama níbí.

A máa ń gbọ́ ọ kí a tó rí i. V6 yẹn kì í dún geere bíi ti òde òní, ó máa ń tiro. Bàbá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo dàgbà: Peugeot, Renault àti Volvo ló jọ ṣe é, V8 ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, wọ́n wá gé síléńdà méjì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìgun dìgírì 90 tó wà láàárín ọ̀wọ́ síléńdà méjèèjì V8 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ìbúná rẹ̀ kò fi dọ́gba. Nígbà tó wá yọ, ẹrẹ̀ pupa ti bò ó dé òrùlé, mi ò mọ àwọ̀ tó jẹ́. Ó fò kọjá lórí gegele kan, a rí abẹ́ rẹ̀ tán pátá, àwọn èrò ń pariwo "Pijó! Pijó!" Bàbá mi ò pariwo ní tiẹ̀. Ó ń ka ohun tí wọ́n yí padà: "Wo ṣọ́ọ́kì yẹn. Wo irin tí wọ́n fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì."

Ohun tí mo ń sọ ni pé Peugeot fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ aṣọ Pininfarina lára ọkọ̀ yìí, nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ohun tó sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń bú ọmọ Faransé yẹn torí tọ́bò, kó kọ́kọ́ lọ bú Sochaux. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì gígé! Ọ̀nà kọ́ àwọn ará ìjọsí pé kí wọ́n gbé e sókè. Ọkọ̀ tó fò lókè ẹrẹ̀ Bandama ni ẹnì kan wá gé lẹ́sẹ̀ kó lè máa fi àyà wọ́lẹ̀. Ṣé ó fẹ́ fi gé koríko ni?

---

Àdùkẹ́Lyon

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ò mọ ẹ́ńjìnnì tú, ọkọ mi ni wèrè ọkọ̀ àtijọ́ mú. Lọ́dọọdún ni a máa ń lọ sí Époqu'auto, ìpàtẹ ọkọ̀ àtijọ́, níbí ní Lyon, a sì ti lọ sí Rétromobile ní Paris lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ojú mi ti rí kúpé yìí dáadáa.

Èyí tí mo ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ti àwọn tó yọ V6 àtijọ́, tí wọ́n fi V6 oní 2849cc inú 505 sí i. Ti àkọ́kọ́, agbára ẹṣin 136 ni; ti 505, 170 ni, ìyẹn kì í sì í tiro. Lójú, o ò ní mọ̀. Bọ́m̀pà wà níbẹ̀, ríìmù wà níbẹ̀, àfi kó o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi ní irú yẹn ni ọmọlúàbí. Mo tún rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe bíi ti Safari, iná mẹ́rin níwájú, táyà apòó méjì lórí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó dájú pé kò tíì rí ẹrẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n Treichville, ẹ bá fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì gbàgbé pé Pininfarina pàápàá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ní 1971, wọ́n gbé ọ̀kan wá sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris tí wọ́n pè ní Riviera: kúpé 504 tí wọ́n fa òrùlé rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn bíi station wagon, ilẹ̀kùn méjì ṣì ni. Wọn ò ṣe é tà. (Ẹ fi fọ́tò ìyẹn han bàbá, bóyá wọ́n á gbà pé 504 ni.) Ní 2018, ní Paris kan náà, Peugeot tún gbé e-Legend jáde, kúpé oníná mànàmáná tí wọ́n fi rántí èyí, bátìrì 100 kWh. Èmi nìkan kọ́ ni itọ́ dà lẹ́nu mi. Ìyẹn náà, wọn ò tà á.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọDẹ́rẹ́bà, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe: ẹ gba carte grise rẹ̀, ìyẹn ìwé ọkọ̀ ti ilẹ̀ Faransé, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ní ilẹ̀ Faransé níbí, tí wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó yẹ kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́. Ẹ kọ̀wé sí Sochaux náà, ní ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Peugeot, kí ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

---

Kọ́láMOT

Ohun tí Àdùkẹ́ sọ nípa ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rò lọ. Gárèéjì MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ń béèrè níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester.

Láti 2018, ọkọ̀ tó bá ti pé ogójì ọdún ní Britain níbí kò ní láti ṣe MOT mọ́ lọ́dọọdún, àfi tí wọ́n bá ti yí i padà gidi láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Tí iye síléńdà bá ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà á sí àyípadà ńlá. Tìrẹ kúrò ní mẹ́fà bọ́ sí mẹ́rin, èyí oní mẹ́rin náà kì í sì í ṣe irú èyí tí Peugeot ń fi sí kúpé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ṣe é ní 1987, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ìwé tó ní déètì nìkan lo nílò.

Ìdàkejì rẹ̀ ló yẹ kó o ronú sí: tó o bá dá V6 padà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi bí i ni, kò sí ẹni tó máa bi ẹ́. Tó o bá wá fi ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i lónìí, ọgbọ̀n ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́ fún owó orí ọkọ̀, ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, kò kàn ẹ́ ní London. MOT tí òfin ò béèrè yẹn, bá mi ṣe é o jàre. Sípíríǹgì gígé lo fẹ́ máa gùn kiri.

---

Jẹ́jẹ́Houston

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ra Toyota kí ẹ sùn dáadáa lóru.

Ṣùgbọ́n tó o bá takú: ẹ́ńjìnnì inú DeLorean, ọkọ̀ onílẹ̀kùn ìyẹ́ yẹn, ìyá kan náà ló bí òun àti V6 tìrẹ. Àwọn tó ń kó pátì DeLorean pọ̀ wà ní Humble, kò jìnnà sílé mi. Ti DeLorean fẹ̀ díẹ̀ jù tìrẹ lọ, 2849cc, ínjẹ́kísọ̀n ló sì ń lò, torí náà má wá kabúrétọ̀ níbẹ̀. Fi nọ́ńbà pátì tó o bá ń wá ránṣẹ́ kí n tó lọ fi owó epo ṣòfò.

---

ỌmọDẹ́rẹ́bà

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo padà lọ sí Kent ní Sátidé, èmi àti òòfà, àti fìlà, torí òjò.

Ìwé wà. Déètì tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹta 1988, wọ́n sì kọ ẹ́ńjìnnì tuntun náà síbẹ̀. Kọ́lá, mo ti ṣe kópì rẹ̀ mẹ́ta.

Òòfà lẹ̀ mọ́ ìdí gíláàsì. Ó lẹ̀ mọ́ irin abẹ́ ilẹ̀kùn lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ó já bọ́ sórí bàtà mi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Arúgbó, abẹ́ fáíbà rí bí ẹ ṣe sọ ọ́: wọ́n gé etí fẹ́ńdà ẹ̀yìn méjèèjì, wọn ò kun ún, ó ti dógùn-ún. Ti iwájú sàn díẹ̀. Páìpù ṣáàfùtì ni mo fi àkókò wò jù, mo dùbúlẹ̀ sínú omi. Ẹni tó jó o mọ iṣẹ́. Ó mọ́, ó sì dọ́gba yíká. Kabúrétọ̀ olójú méjì wà nínú páálí kan pẹ̀lú bọ́m̀pà. Olójú kan ni a ò rí.

Ọkùnrin náà gbé mi jáde nínú rẹ̀. Mo máa parọ́ tí mo bá ní kò dùn mọ́ mi. Tọ́bò yẹn kì í ṣe nǹkan kan, kì í ṣe nǹkan kan, lójijì ni yóò gbá ẹ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbogbo gegele ojú ọ̀nà ni mo fi ìdí kà.

Mo ti san àṣansílẹ̀. Tọ́bò máa wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé inú ọkọ̀ yìí, V6 kò lò ju ọdún méjìlá lọ níbẹ̀. Mi ò mọ èwo nínú wọn ni kí n pè ní àlejò. Fáíbà ń lọ, bọ́m̀pà ń padà, sípíríǹgì tó pé ń padà. Àwọ̀ ọsàn náà máa dúró di ìgbà tí owó bá wà. V6 máa wà nínú àpótí rẹ̀ nínú ilé mi, ọmọ iṣẹ́ kankan ò ní rí i tà. Ẹni tó bá rí Solex olójú kan, kó pè mí.

Bàbá Arúgbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì àti táì-rọ́ọ̀dù iwájú. Àbúrò mi máa yà lọ́dọ̀ yín ní Gate lọ́jọ́ Jímọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

---

ArúgbóAgodi

Mo ti rí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ojúlówó ni, inú páálí rẹ̀ ló wà láti ayé Kaduna. Ti táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀tún nìkan ni mo tíì rí. Sọ fún àbúrò rẹ kó má wá lẹ́yìn aago mẹ́rin, mò ń lọ sí ìsìnkú.

Fọ́tò tó o fi síbí, ọkọ̀ lo yà. Abẹ́ ni mo fẹ́ rí. Padà síbẹ̀, ya ibi tí òòfà ti já bọ́ yẹn fún mi, kó o tó san ìyókù.